Ṣé torí ọsàn nìkan ni kí n ṣe lọ sí Ivrea?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Torino ni mo ti ń kẹ́kọ̀ọ́, ọdún kejì mi níbẹ̀ nìyí. Àwọn tí a jọ wà ní kíláàsì ní kí n má kúrò ní Ítálì láìlọ wo Ivrea, ìlú tí wọ́n ti ń fi ọsàn jà. Olùkọ́ wa kan ní ọsàn kọ́ ló ṣe pàtàkì níbẹ̀, táípúráítà ni. Ọjọ́ kan péré ni mo lè yọ sọ́tọ̀, owó mi ò sì pọ̀. Irú ìlú wo ni Ivrea gan-an? Kí ni kí n wò níbẹ̀? Ṣé èmi náà lè ju ọsàn, àbí ó léwu?

Ìdáhùn: Àwọn ọ̀rẹ́ yín kò parọ́, olùkọ́ yín náà kò parọ́. Ọjọ́ kan lè gba ohun méjèèjì, bí ẹ bá yan ọjọ́ náà dáadáa, tí ẹ sì jẹ́ kí odò ìlú náà bá yín pín in. Ẹ lo òwúrọ̀ ní apá ọ̀tún odò, níbi tí àwọn ilé Olivetti, ilé iṣẹ́ táípúráítà tí olùkọ́ yín ń sọ, wà. Ẹ sọdá sí apá òsì lọ́sàn-án, níbi tí ìlú àtijọ́ wà, tí ìjà ọsàn sì ti ń gbóná jù. Ọjọ́ Ajé ni mo máa ní kí ẹ lọ, kì í ṣe ọjọ́ Àìkú tí gbogbo ayé ń lọ. Ìdí rẹ̀ ń bọ̀ níwájú.

Nǹkan bí 50 kìlómítà ni Ivrea sí Torino, ní ìhà àríwá, ní ẹnu ọ̀nà àfonífojì Aosta gan-an. Bí ẹ bá kọjá rẹ̀ tí ẹ ń gòkè lọ, àárín àwọn òkè Alps lẹ wọ̀ yẹn. Odò Dora Baltea, tí yìnyín orí òkè Mont Blanc wà lára ohun tó ń bọ́ ọ, ló la ìlú náà já. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún 23. Àwọn ará Róòmù ló tẹ ìlú náà dó ní ọdún 100 ṣáájú ìbí Kristi, tí wọ́n sì pè é ní Eporedia, kí wọ́n lè máa ṣọ́ àwọn Salassi tó ni àfonífojì náà tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá di ẹnu àfonífojì yẹn mú ló di ọ̀nà orí òkè tó lọ sí Faransé àti Switzerland mú. Ìdí nìyẹn tí ìtàn ìlú kékeré yìí fi pọ̀ ju ara rẹ̀ lọ.

Ní 1002, Arduino tó jẹ́ olúwa ilẹ̀ Ivrea gba adé ọba Ítálì ní Pavia. Adé náà kò pẹ́ lórí rẹ̀. Ilé àwọn mọ́ńkì ní Fruttuaria ló kú sí ní 1015. Bí ẹ bá ń kọ́ nípa ẹ̀rọ, ẹ ti lè gbọ́ orúkọ yẹn níbòmíràn. Pátákó ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń pè ní Arduino, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń kọ́ bí a ṣe ń darí iná àti mọ́tò, Ivrea ni wọ́n ti ṣe é ní 2005, ní ilé ẹ̀kọ́ kan tó ti kógbá sílé báyìí. Ilé ọtí kan wà nítòsí wọn tó ń jẹ́ orúkọ ọba náà, ibẹ̀ ni wọ́n ti mú un.

Ọkọ̀ ojú irin ni kí ẹ wọ̀. Láti Porta Nuova tàbí Porta Susa, nǹkan bí wákàtí kan ni. Àwọn kan ń lọ tààrà. Fún àwọn mìíràn, ẹ óò sọ̀kalẹ̀ ní Chivasso kí ẹ tó wọ ọkọ̀ kejì. Ẹ yẹ èyí wò kí ẹ tó gbéra, torí ẹni tó bá sùn kọjá Chivasso yóò bá ara rẹ̀ lójú ọ̀nà Milano. Ẹ má gbé mọ́tò lọ lásìkò Carnevale, àjọ̀dún tí wọ́n ti ń ju ọsàn náà: wọ́n máa ń ti àárín ìlú pa mọ́ ọkọ̀, ibi tí ẹ máa rí gbé e sí sì lè jìnnà ju ibi tí ọkọ̀ ojú irin máa já yín sí lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ má wá òtẹ́ẹ̀lì níbẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Ilé yín ní Torino ti tó.

Ọjọ́ wo wá ni? Carnevale Ivrea ń tẹ̀lé Àjíǹde. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ṣáájú Ọjọ́rú Eléérú ló ń parí, ìyẹn ọjọ́ 47 ṣáájú Àjíǹde, ọjọ́ mẹ́ta tó kẹ́yìn sì ni wọ́n fi ń ju ọsàn: Àìkú, Ajé àti Ìṣẹ́gun. Ní 2027, ọjọ́ 7 sí 9 oṣù Kejì ló bọ́ sí; ní 2028, ọjọ́ 27 sí 29 oṣù Kejì. Ọjọ́ Àìkú ni èrò ń pọ̀ jù, òun náà sì ni ọjọ́ tí àwọn àlejò máa ń ra tíkẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó wọ àárín ìlú. Ìjà ọjọ́ Ajé kò fi ohunkóhun dínkù sí ti ọjọ́ Àìkú, àmọ́ ẹ óò rí ààyè dúró. Ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló dùn jù fún ẹni tó lè dúró di alẹ́, torí wọ́n máa ń sun àwọn òpó gíga kan tí wọ́n fi ewéko gbígbẹ wé, Scarli, ní ojúde ìlú, àwọn àgbà sì máa ń wo bí iná ṣe yára gùn ún láti mọ bí ọdún ṣe máa rí. Ìpadàsílé ló ń ṣòro lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Bí ẹ bá sọ̀kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ láàárọ̀, ẹ má tíì sọdá odò. Apá ọ̀tún ni ibùdókọ̀ wà, via Jervis sì wà ní apá yẹn kan náà, ẹsẹ̀ lásán ló ń gbé ni débẹ̀. Ibẹ̀ ni ọkàn ọ̀rọ̀ olùkọ́ yín wà.

Ilé bíríkì pupa ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Camillo Olivetti, ẹnjiníà tó jẹ́ ọmọ ìlú náà, ló kọ́ ọ kí ọdún 1900 tó wọlé, fún ṣíṣe àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn iná mànàmáná. Ní 1908 ó sọ ọ́ di ilé iṣẹ́ táípúráítà, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Ítálì, pẹ̀lú nǹkan bí 20 òṣìṣẹ́. Ọdún mẹ́ta gbáko kọjá kí wọ́n tó ní ohun tí wọ́n lè gbé síta: M1, tí wọ́n pàtẹ ní Torino ní 1911, níbi ìpàtẹ àgbáyé. Ọgọ́rùn-ún ẹ̀rọ fún àwọn ọmọ ogun ojú omi Ítálì ni iṣẹ́ ńlá tí wọ́n kọ́kọ́ rí gbà.

Àmọ́ Adriano ọmọ rẹ̀, tí wọ́n bí ní 1901, ló mú kí UNESCO kọ orúkọ Ivrea sínú ìwé. Láti àárín àwọn ọdún 1930 ló ti gbé iṣẹ́ fún àwọn ayàwòrán ilé méjì, Luigi Figini àti Gino Pollini, pé kí wọ́n fi dígí kọ́ àfikún ilé iṣẹ́ náà. Ẹ ó rí i: ògiri dígí tó gùn lọ bí ojú ọ̀nà ṣe gùn, tí a fi kún un díẹ̀díẹ̀ títí di àwọn ọdún 1950. Èrò Adriano ni pé ẹni tó ń to irin wẹ́wẹ́ sínú ẹ̀rọ láti àárọ̀ dé alẹ́ gbọ́dọ̀ ní ìmọ́lẹ̀ tó tó, kó sì lè gbójú sókè wo òkè àti igi tó wà níta. Lásìkò yẹn, ilé iṣẹ́ púpọ̀ ní Yúróòpù ni fèrèsé wọn ga débi pé òṣìṣẹ́ kò lè rí nǹkan kan.

Ẹ kọjú sí òdìkejì títì. Ilé ìtọ́jú àwọn òṣìṣẹ́ wà níbẹ̀, Figini àti Pollini náà ló yà á láàárín 1955 sí 1959: ibẹ̀ ni ilé ìwòsàn, ilé ìkàwé àti ọ́fíìsì tó ń rí sí ìdílé òṣìṣẹ́ wà, níwájú ẹnubodè ilé iṣẹ́ gan-an, kí ẹnikẹ́ni má bàa ní ọ̀nà jìn. Ilé oúnjẹ òṣìṣẹ́ tí Ignazio Gardella yà wà lẹ́yìn, lẹ́bàá gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, onígun mẹ́fà. Wọ́n tún kọ́ ilé fún títọ́jú àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ òṣìṣẹ́ láàárín 1939 sí 1941, nígbà tí ogun ń jà. Ní àwọn ọdún 1950, Olivetti dín wákàtí iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan kù láti 48 sí 45, owó oṣù kò sì dín. Ẹ fi ìwọ̀nyí sọ́kàn bí ẹ bá ń wo àwọn ilé náà, torí láìsí i, dígí àti kọnkéré lásán lẹ máa rí, àárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ ó sì ti fẹ́ kúrò. Ohun tó ń da àwọn àlejò láàmú ní via Jervis nìyẹn: wọ́n ń retí ààfin, ilé iṣẹ́ ni wọ́n bá.

Kí ni wọ́n wá ń ṣe nínú rẹ̀? Ẹ̀rọ tó gbé orúkọ wọn jù ni Lettera 22, tó jáde ní 1950. Giuseppe Beccio ló ṣe irin inú rẹ̀, Marcello Nizzoli ló fún un ní ìrísí. Kò tó kílò mẹ́rin, ara rẹ̀ pẹlẹbẹ, kò ní ohun tó yọ gọngọ tó lè há sínú àpò, bẹ́ẹ̀ ni àwọn akọ̀ròyìn ṣe ń gbé e rìn káàkiri ayé. Ó gba ẹ̀bùn Compasso d'Oro ní 1954; ọ̀kan wà nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé MoMA ní New York. Ní 1959, wọ́n gbé Elea 9003 jáde, kọ̀ǹpútà ńlá tí ẹgbẹ́ Mario Tchou ṣe. Níbẹ̀ ni nǹkan ti yí. Adriano kú lójijì nínú ọkọ̀ ojú irin ní oṣù Kejì 1960, Tchou kú nínú ìjàǹbá mọ́tò ní 1961, gbèsè sì ti wọlé nítorí ilé iṣẹ́ Underwood tí wọ́n rà ní Amẹ́ríkà. Nígbà tó di 1964, wọ́n ta ẹ̀ka ẹ̀rọ abánáṣiṣẹ́ fún General Electric. Àwọn ẹnjiníà díẹ̀ tí Pier Giorgio Perotto ṣáájú wọn kò dáwọ́ dúró. Àwọn ló ṣe Programma 101, tí wọ́n pàtẹ ní New York ní 1965: ẹ̀rọ ìṣirò tí a lè gbé sórí tábìlì, tó ń gba àṣẹ, tó sì ń fi àṣẹ náà pamọ́ sára káàdì onímágínẹ́ẹ̀tì. NASA rà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ń pè é ní kọ̀ǹpútà orí tábìlì àkọ́kọ́, àwọn kan ń jiyàn. Èyí tí kò ní iyàn ni pé ilé iṣẹ́ tó kọ́kọ́ dé ibẹ̀ kò rí èrè rẹ̀ jẹ pẹ́: nígbà tí táípúráítà kú tán ní àwọn ọdún 1990, Ivrea pàdánù iṣẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ ó rí ọ́fíìsì tó ṣófo. Wọn kò fi pamọ́ fún àlejò, ó sì dára bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ 1 oṣù Keje 2018 ni UNESCO kọ "Ivrea, ìlú ilé iṣẹ́ ti ọ̀rúndún ogún" sínú àkójọ ogún àgbáyé, nǹkan bí héktà 71. Ìta ni ẹ óò ti wo ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ilé náà, torí ilé iṣẹ́ mìíràn tàbí ìdílé ló wà nínú wọn. Èyí kan Talponia gan-an, ilé tó tẹ̀ bí ìdajì òbíríkítí tí Gabetti àti Isola kọ́ sínú ilẹ̀ láàárín 1968 sí 1971 fún àwọn òṣìṣẹ́ tí kò ní pẹ́ ní ìlú. Ẹ lè rìn lórí òrùlé rẹ̀ láìmọ̀ pé ilé ló wà lábẹ́ yín, torí koríko ni. Ojú dígí ló kọ sí igbó. Ènìyàn ń sùn lẹ́yìn dígí náà o, ẹ má lọ fi fóònù ya yàrá wọn. Bí ẹ bá fẹ́ fojú rí àwọn ẹ̀rọ, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Tecnologicamente ní Piazza San Francesco d'Assisi ló kó wọn jọ, láti táípúráítà dé Programma 101. Ẹ wo wákàtí tí wọ́n ń ṣí kí ẹ tó lọ. Lásìkò Carnevale, nǹkan púpọ̀ máa ń tì.

Ohun kan ṣì wà ní apá ọ̀tún tí àwọn olólùfẹ́ Olivetti sábà máa ń gbójú fò: ṣọ́ọ̀ṣì kékeré San Bernardino, láàárín ọgbà ilé iṣẹ́ náà. Camillo ra ilé àwọn mọ́ńkì tó wà lára rẹ̀, ó sì gbé ibẹ̀ pẹ̀lú ìdílé rẹ̀. Ògiri tó pín ṣọ́ọ̀ṣì náà sí méjì ni Giovanni Martino Spanzotti ya ìgbésí ayé àti ìjìyà Jésù sí, kí ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún tó parí. Kì í ṣí lójoojúmọ́. Ẹ béèrè ní ọ́fíìsì àwọn arìnrìn-àjò. Bó bá ṣí ní ọjọ́ tí ẹ lọ, ẹ fi ilé oúnjẹ Gardella sílẹ̀, kí ẹ wọ ibẹ̀.

Ẹ gba Ponte Vecchio sọdá. Àdúgbò Borghetto ni ẹ ó gbà kọjá kí ẹ tó dé orí afárá náà. Ilé àwọn Tuchini ni, ẹgbẹ́ ajùsàn kan ṣoṣo tó wà ní apá ọ̀tún odò. Lókè ní apá òsì, ẹ ó rí kàtídírà àti ààfin olódi tí Amedeo Kẹfà ti ìdílé Savoia bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní 1358. Ilé gogoro mẹ́rin ló ní, ọ̀kan gé kúrú: ní 1676, àrá sán lu u, ẹ̀tù ìbọn tí wọ́n kó sínú rẹ̀ gbiná, ó sì bú gbàù sórí àwọn ilé tó wà nísàlẹ̀. Ẹ̀wọ̀n ni wọ́n fi ààfin náà ṣe lẹ́yìn náà títí di 1970. Bí ẹ bá ti rí ìyẹn, ẹ jẹun, kí ẹ sì múra.

Ẹ̀yin kò lè ṣàdédé ju ọsàn. Èyí ni ọ̀pọ̀ àlejò kò mọ̀. Ẹgbẹ́ mẹ́sàn-án ló ń jà ní ẹsẹ̀, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní aṣọ tirẹ̀, ojúde tirẹ̀ àti ìwé orúkọ tirẹ̀. Asso di Picche ló dàgbà jù, 1947 ni wọ́n dá a sílẹ̀, Piazza di Città ni wọ́n ti ń jà. Àwọn tó kù ni Morte, Tuchini, Scacchi, Arduini, Pantera Nera, Diavoli, Mercenari àti Credendari tó dé gbẹ̀yìn ní 1985. Ẹni tó bá fẹ́ jà máa kọ̀wé sí ọ̀kan nínú wọn ṣáájú, á san owó ọmọ ẹgbẹ́, á sì gba aṣọ. Wọn kì í lé àjèjì, àmọ́ àárọ̀ ọjọ́ ìjà kọ́ ni wọ́n ń ṣe é. Bí ẹ bá mú ọsàn nílẹ̀ tí ẹ jù ú láàárín èrò, ẹ ti rú òfin, wọ́n á sì bá yín wí.

Bí ìjà náà ṣe ń lọ nìyí. Àwọn kẹ̀kẹ́ ẹṣin, tí ẹṣin méjì tàbí mẹ́rin ń fà, ń wọlé sí ojúde lọ́kọ̀ọ̀kan. Lórí kẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan, nǹkan bí ènìyàn mẹ́wàá wà pẹ̀lú àṣíborí aláwọ líle, irin níwájú ojú, tìmùtìmù ní èjìká: àwọn ni ọmọ ogun ọ̀yájú olúwa ìlú. Àwọn tó wà nílẹ̀ kò ní ohun ìdáàbòbò kankan, àwọn ni ará ìlú tó dìde. Bí kẹ̀kẹ́ bá dúró, wọ́n á sún mọ́ ọn gbágbáágbá, wọ́n á máa fi gbogbo agbára ju ọsàn lu àṣíborí àwọn tó wà lókè, àwọn yẹn náà á sì máa fi ọwọ́ méjèèjì dá a padà. Ojú irin iwájú àṣíborí ni wọ́n ń wá, torí omi ọsàn máa ń gba ibẹ̀ wọ ojú. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, kẹ̀kẹ́ á kúrò, òmíràn á wọlé. Àwọn méjì tó ti ń lu ara wọn máa ń bọ ara wọn lọ́wọ́ kí kẹ̀kẹ́ tó lọ. Àwọn adájọ́ wà tó ń fún ẹgbẹ́ àti kẹ̀kẹ́ ní máàkì, wọ́n sì ń wo bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹṣin pẹ̀lú.

Ìtàn tí wọ́n fi ń ti gbogbo èyí lẹ́yìn ni ti Violetta, ọmọ ẹni tó ń lọ ọkà, tí olúwa ìlú fẹ́ bá sùn ní alẹ́ ìgbéyàwó rẹ̀, tí ọmọbìnrin náà sì gé orí olúwa ìlú náà. Ó ṣẹlẹ̀ pé àwọn ará Ivrea dìde lóòótọ́ sí àwọn tó ń jẹ gàba lé wọn lórí, ní 1194 àti 1266. Ọmọbìnrin náà ni ìtàn fi kún un. Láti 1858 ni obìnrin kan ti ń ṣe ipò rẹ̀ lọ́dọọdún, Mugnaia, obìnrin tó ti lọ́kọ ni, wọ́n kì í sì í dárúkọ rẹ̀ títí alẹ́ Àbámẹ́ta, nígbà tó bá yọ ní bákónì ilé ìjọba ìlú. Ọ̀gágun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó wọ aṣọ ìgbà Napoleon, ti ìjọba Faransé wá: ní 1808 ni wọ́n kó àwọn Carnevale àdúgbò márààrún pọ̀ sí ọ̀kan. Ọsàn kò sí nínú ìtàn àtijọ́ náà rárá. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ọmọge máa ń ju ọsàn àti súìtì láti bákónì sí ọkùnrin tó wù wọ́n lórí kẹ̀kẹ́, àwọn náà á jù ú padà, títí eré fi di ìjà. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni wọ́n tó pín in sí ẹgbẹ́.

Ẹ ti lè máa bi ara yín pé ṣé kì í ṣe ìnàkúnàá oúnjẹ ni. Ọsàn náà ń wá láti gúúsù Ítálì, lópin ìkórè, àwọn tí ọjà kò rà. Ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún tọ́ọ̀nù ni. Lẹ́yìn ìjà, wọ́n á gbá a, wọ́n á sì sọ ọ́ di ajílẹ̀. Àwọn kan ní Ítálì gan-an kò fara mọ́ ọn, ẹ̀tọ́ wọn ni.

Nípa ewu. Ẹ ra fìlà pupa kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Àwọn tó ń tà á wà káàkiri, owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Ẹni tó dé e ni ará ìlú, a kì í mọ̀ọ́mọ̀ ju ọsàn lù ú. Àmọ́ fìlà kò ní kí ọsàn tó ta kúrò lára kẹ̀kẹ́ má bà yín. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ta àwọ̀n ńláńlá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojúde: ẹ̀yìn àwọ̀n ni kí ẹ dúró, kí ara yín má sì kan àwọ̀n náà, torí ó máa ń fì sẹ́yìn bí ọsàn bá bà á. Ibi tó burú jù láti dúró sí ni ẹnu ọ̀nà tóóró tí kẹ̀kẹ́ ń gbà jáde: ẹṣin á ti fara ya díẹ̀ nígbà yẹn, àyè sísá kò sì sí. Ilẹ̀ máa ń yọ̀ bí ọṣẹ. Ọsàn tó fọ́, omi, ìgbẹ́ ẹṣin, gbogbo rẹ̀ á ga dé ọrùn ẹsẹ̀. Bàtà tó bo ẹsẹ̀, tó mú ilẹ̀, tí ẹ kò ní sunkún bí ẹ bá sọ ọ́ nù, ni kí ẹ wọ̀. Ẹni tó ń lo awò ojú, kó dè é mọ́rí. Omi ọsàn máa ń ta ojú gan-an. Ẹ gbé ìgò omi lásán dání láti fi fọ̀ ọ́, ẹ má fi ọwọ́ nù ún. Àwọn olùtọ́jú wà ní ojúde, ojú tó wú ni wọ́n ń rí jù. Ẹ fi fóònù sínú ọ̀rá, kí ẹ sì kó aṣọ ìpààrọ̀ sínú báàgì fún ìrìn àjò padà. Òtútù oṣù Kejì lára aṣọ tó tutù kò ṣeé fi ṣeré.

Nǹkan bí aago méjì ọ̀sán ni ìjà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ ti wà níbi tí ẹ fẹ́ dúró ní ìdajì wákàtí ṣáájú, torí bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀, kò rọrùn láti ti ojúde kan bọ́ sí òmíràn.

Oúnjẹ Carnevale ni fagioli grassi: ẹ̀wà tí wọ́n sè ní ìkòkò ràgàjì fún ọ̀pọ̀ wákàtí pẹ̀lú awọ ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n ká, sọ́séèjì àti ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀, tí àwọn àdúgbò ń bù fún èrò. Ẹni tí kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀ kò ní rí èyí tí kò sí nínú rẹ̀, kó má wulẹ̀ béèrè. Ní Ọjọ́rú Eléérú, ní Borghetto, polenta àti ẹja oníyọ̀ ni wọ́n ń pín; polenta yẹn, tùwó àgbàdo ni, ẹja náà sì bá pánlá tan. Ohun dídùn ìlú ni torta Novecento, kéèkì kòkó aláwẹ́ méjì pẹ̀lú ọ̀rá ṣokoléètì láàárín, tí Ottavio Bertinotti dá sílẹ̀; Pasticceria Balla ní Corso Re Umberto ló ni ẹ̀tọ́ rẹ̀ báyìí. Ẹ rà á láàárọ̀, wọ́n máa ń tò síta lọ́sàn-án.

Bí ọjọ́ Carnevale kò bá bọ́ sí yín lọ́wọ́, ẹ lọ láàárín oṣù Karùn-ún sí Ìkẹfà. Ẹ ṣe òwúrọ̀ via Jervis bí mo ṣe là á sílẹ̀, kí ẹ sì fi ọ̀sán rìn lọ sí àwọn adágún márùn-ún tó yí ìhà àríwá ìlú ká: Sirio, San Michele, Pistono, Nero àti Campagna. Yìnyín ńlá tó ti sọ̀kalẹ̀ láti àfonífojì Aosta láyé àtijọ́ ló gbẹ́ wọn, òun náà ló kó erùpẹ̀ àti òkúta jọ di Serra, òkè gbọọrọ tó tẹ́ lórí, tó lọ tààrà ju 20 kìlómítà, tí ẹ ó máa rí ní apá ìlà-oòrùn níbikíbi tí ẹ bá dúró. Ní Montalto Dora, nítòsí adágún Pistono, wọ́n fa omi adágún kan gbẹ, ewéko jíjẹrà tó kù nísàlẹ̀ sì nípọn tó sì rọ̀ débi pé bí ẹ bá fò sókè lórí rẹ̀, igi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín á mì. Terre Ballerine ni wọ́n ń pè é. Ọ̀nà ẹsẹ̀ ni, kò sí ilé ìtajà lójú ọ̀nà, ẹ gbé omi. Ẹ wo ọkọ̀ tí ẹ máa wọ̀ padà sí Torino kí ẹ tó kúrò ní ìlú, torí lọ́jọ́ Àìkú wọn kò pọ̀.